Àmì Tí Kò Ṣeé Jó Sára Màlúù

Títí di òní, tí ènìyàn bá dárúkọ Leota Stroud létí odò Powder, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dáhùn. Wọn kò ní sọ pé ó kọ ìwé mẹ́rìnlá. Wọn kò ní sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè wa tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé ìtàn àwọn darandaran, ìtàn ẹṣin àti ìbọn àti olè màlúù, èyí tí gbogbo ayé gbà pé ọkùnrin nìkan ló lè kọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Ìyá oníkẹ̀kẹ́ yẹn?" Wọ́n á wá ṣàlàyé fún àlejò pé obìnrin náà kọ̀wé nípa màlúù láìmọ bí irin gbígbóná ṣe ń jó awọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi ni Leota. Vesta, ìyá ìyá mi, ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ìyókù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Leota fúnra rẹ̀, nítorí ilé rẹ̀ ni mo máa ń lọ nígbà tí yunifásítì bá ti gba ìsinmi. Apá rẹ̀ kan ti wọ́, àpá iná sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Irin ọjọ́ àmì ló jó o bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àmì, ọjọ́ tí a máa ń fi irin gbígbóná jó àmì olówó sára ọmọ màlúù, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán tí àwọn ọmọ màlúù sì ti lágbára díẹ̀, aládùúgbò á kó ẹṣin àti okùn wọn wá. Àwọn kan á ju okùn mú ọmọ màlúù lẹ́sẹ̀, àwọn kan á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnì kan á gbé irin wá láti inú iná. Kò sẹ́ni tó ń béèrè owó. Onílé á fún wọn lóúnjẹ, òun náà á sì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tó bá kàn wọ́n. Ẹni tí aládùúgbò kò bá wá bá lọ́jọ́ náà, ó ti kú, wọn ò kàn tíì sin ín ni.

Wọ́n bí Leota sínú ilé tí wọ́n fi ilẹ̀ oníkoríko mọ. Ansel Kimmel, bàbá rẹ̀, kò ní ju màlúù díẹ̀ àti àmì kan lọ. Àmì Ansel ni ààbọ̀ òṣùpá lórí ìlà kan tó dùbúlẹ̀. Àmì Gaddis Pruett, aládùúgbò wọn, ni òṣùpá kíkún lórí àgbélébùú. Ẹ wò ó dáadáa. Tí ènìyàn bá fi irin ya ààbọ̀ kejì mọ́ òṣùpá Ansel, tó tún fa ìlà kan lóòró gba àárín ìlà ìsàlẹ̀ kọjá, màlúù Ansel ti di ti Pruett nìyẹn.

Lọ́dún kan tí òtútù mú, Leota ṣì kéré, màlúù kan tó gbé àmì Pruett kú sí ẹ̀gbẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún Ansel. Ansel bó awọ rẹ̀, ó sì yí inú awọ náà síta. Ojú òde awọ lè parọ́, nítorí irun máa ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú awọ, àpá àtijọ́ àti àpá tuntun kì í jọra. Leota dúró ti bàbá rẹ̀. Ó rí ààbọ̀ òṣùpá àti ìlà, wọ́n ti funfun, wọ́n ti le. Ó rí èyí tí wọ́n fi kún un, ó ṣì pọ́n.

"Bàbá, màlúù wa nìyí," ó wí.

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ máa lọ bá wọn?"

Ansel ká awọ náà bí ẹní. "Tí mo bá lọ bá wọn, ta ló máa bá mi di okùn mú lọ́jọ́ àmì? Lọ bá ìyá rẹ gbé omi kaná." Ó gbẹ́ ihò, ó sì bo awọ náà mọ́lẹ̀. Nígbà ìrúwé, Gaddis Pruett wá bá a jó àmì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó jẹ abọ́ oúnjẹ méjì, ó sì yin ọwọ́ ìyàwó Ansel.

Leota kò gbàgbé. Ó dàgbà, ó fẹ́ Orval Stroud, wọ́n sì ń gbé lórí ilẹ̀ Ansel lẹ́yìn tí Ansel kú. Wọn kò bímọ. Ní ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń sùn sí, àwọn màgásíìnì ìtàn darandaran máa ń wà nílẹ̀ káàkiri, èyí tí ìwájú rẹ̀ ti ya, tí ọ̀rá ẹran ti ta sí. Leota ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ló bá jókòó ka ọ̀kan. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan gun ẹṣin láti àárọ̀ di alẹ́ lórí eré, ẹṣin náà kò mumi, kò sì kú. Leota padà sílé ìdáná, ó ní òun lè ṣe jù báyìí lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ̀wé lórí tábìlì tó fi ń po ìyẹ̀fun, láàárín ìgbà tí búrẹ́dì bá ń wú àti ìgbà tó máa wọ ààrò.

Olóòtú kan ní New York ra ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà méjì dípò orúkọ rẹ̀, kí àwọn òǹkàwé lè rò pé ọkùnrin ni. Leota gbà fún un fún ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tẹ Leota síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n dá ìtàn òun padà. Wọ́n tẹ Leota. Àwọn ọkùnrin kan láti Texas kọ̀wé pé àwọn kò ní rà á mọ́. Àwọn mìíràn kọ̀wé béèrè bóyá ó ti lọ́kọ.

Orval kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Ìyàwó mi pa ọkùnrin mẹ́fà láàárọ̀ yìí, oúnjẹ sì ṣì jinná lásìkò." Inú rẹ̀ ń dùn sí i nígbà náà.

Ìtàn ńlá tí Leota ti ń gbé sínú láti kékeré ni ó pè ní *Inú Awọ*. Ó yí gbogbo nǹkan padà nínú rẹ̀. Ó gbé odò lọ síbòmíràn, ó sọ bàbá rẹ̀ di ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sọ Gaddis Pruett di ọkùnrin olójú kan tó wá láti Missouri. Ó yí àwọ̀ ẹṣin pàápàá. Ṣùgbọ́n kò yí àmì padà. Ó gbìyànjú àwọn àmì mìíràn, kò sí èyí tó wọnú ara wọn bí àwọn méjì yẹn, láìsí èyí, kò sí ìtàn olè. Ó sọ fún mi pé òun rò pé orúkọ ni ènìyàn fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín màlúù ló sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó ti bá àwọn ará New York sọ̀rọ̀ pẹ́ jù.

Màgásíìnì tẹ *Inú Awọ* ní apá mẹ́ta, wọ́n sì fi yíǹkì ya àmì méjèèjì sójú ìwé. Olóòtú sọ fún un pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ sọ ọ́ di odindi ìwé, orúkọ rẹ̀ á wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Obìnrin kankan kò tíì gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn rí.

Vesta ló kọ́kọ́ pàdé Thurlow Pruett, ọmọ Gaddis, ní pósíọ́fíìsì. Gaddis ti kú nígbà náà. Thurlow ká màgásíìnì náà sápò ẹ̀wù.

"Vesta, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé bàbá mi ti kú. Kò lè dá a lóhùn."

"Bọ̀dá Thurlow, ìtàn lásán ni."

"Ìtàn lásán? Tó bá jẹ́ orúkọ bàbá mi ló kọ síbẹ̀, èmi gan-an ì bá rẹ́rìn-ín. Orúkọ, ta ni ò lè jẹ́ ẹ? Àmì yẹn, àwa nìkan la ni ín láyé."

"Ó lè jẹ́ pé kò ronú débẹ̀."

"Leota? Kò ronú?" Ó fi fìlà rẹ̀ kan iwájú orí. "Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ àmì o."

Nígbà ìrúwé, Leota se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, ó sun ẹran, ó yan páì èso. Orval dá iná, ó to irin sínú rẹ̀. Wọ́n dúró. Oòrùn gòkè. Kò sí eruku lójú ọ̀nà. Irin pọ́n títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, Orval sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà bàjẹ́.

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì lákọ̀ọ́kọ́," Vesta wí.

"Kò sí ẹlòmíì," Orval dáhùn. "Ọjọ́ wa ni."

Ni àwọn mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀. Orval ń ju okùn láti orí ẹṣin, Vesta ń jókòó lé ọmọ màlúù lọ́rùn, Leota ń gbé irin. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn méjèèjì ti sọ láti àná pé ara àwọn kò yá. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe. Orval ń kánjú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ màlúù ńlá kan já lẹ́ẹ̀kan náà tí Orval ń ká okùn mọ́ ìwo gàárì, kókó tó yọ níwájú gàárì. Okùn náà le pinpin, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Okùn gé ìka náà já.

Ẹni tí kò ní àtàǹpàkò kò lè ju okùn mọ́. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Láti ọjọ́ náà lọ, bí aládùúgbò kò bá wá, màlúù Stroud kò ní lámì, màlúù tí kò lámì sì jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un.

Nígbà tí ọgbẹ́ náà ń jinná lọ, Orval jókòó sí tábìlì tí ìwé wà lórí rẹ̀.

"Yí àmì yẹn padà," ó wí.

"Bó ṣe rí nìyẹn, Orval. Mo fojú mi rí i."

"Mi ò ní o ò rí i. Mo ní kó o yí i padà."

"Tí mo bá yí i, irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Ṣebí ìwé ìtàn ni. Àwọn tó ń rà á, ṣé òótọ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá?"

Orval lọ bá Thurlow fúnra rẹ̀. Thurlow sì wá sílé wọn lọ́jọ́ Sunday, ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó gba kọfí. Ọkùnrin tó mọ ìwà hù ni.

"Ìyàwó Orval, mi ò ní kẹ́ ẹ má tà á. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ kàn wá àmì mìíràn."

"Àmì ta ni kí n fi síbẹ̀?"

"Èyí tí kò lólówó."

"O mọ̀ pé òótọ́ ni," Leota wí.

Thurlow ro kọfí rẹ̀ pẹ́. "Bàbá yín rí i, kò sọ̀rọ̀. Bàbá mi mọ̀ pé ó rí i, kò sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì jọ jẹun títí wọ́n fi kú. Ta wá lẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Leota wá àmì. Kò sí èyí tó rọrùn tí kò lólówó. Ìlà méjì, ẹnì kan ni ín. Ìràwọ̀, ẹni mẹ́ta ń bá ara wọn jà lé e lórí. Èyí tó bá yà, Thurlow mìíràn lè jí lọ́la níbi kan kó ní wọ́n pe bàbá òun lólè. Níkẹyìn ó ya kẹ̀kẹ́ kan, òrùka nínú òrùka, igi méjìlá láàárín rẹ̀. Vesta ń bá a fọ abọ́. Ó nu ọwọ́, ó wò ó.

"Àǹtí, ìyẹn á jó pọ̀ mọ́ra."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní rí kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀. Egbò kan ṣoṣo ló máa dà. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé irin rí á mọ̀."

"Mo mọ̀, Vesta. Ìdí tí kò fi lólówó nìyẹn."

Ó tún ojú ìwé mẹ́wàá kọ kí kẹ̀kẹ́ náà tó lè wọlé. Ibi tí bàbá ti yí awọ sódì, tí ọmọ rí àpá funfun àti àpá pupa, ó gé e kúrò, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè rí nínú awọ tó ti jó di egbò kan. Olè inú ìwé náà wá di ẹni tó ń yí àmì tí kò ṣeé yí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bó ṣe ṣe é. Mo ti ka apá mẹ́ta inú màgásíìnì náà. Mo ti ka ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ ènìyàn, èkejì jẹ́ aṣọ rẹ̀ tí wọ́n sá sórí okùn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ìlú ńlá yìn ín. Ìwé ìròyìn àwọn olówó màlúù kọ ìlà méjì péré nípa rẹ̀: wọ́n ní ó hàn gbangba pé ọwọ́ òǹkọ̀wé yìí kò tíì kan irin rí.

Ọjọ́ àmì tún dé. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni eruku ti sọ lójú ọ̀nà. Gbogbo wọn wá. Thurlow ló gun ẹṣin Orval, òun ló ju okùn dípò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Wọ́n parí iṣẹ́, wọ́n fọwọ́, wọ́n jókòó sídìí pákó gígùn tí wọ́n tò síwájú ilé. Leota ń bu oúnjẹ.

"Ìyàwó Orval," Thurlow wí, "mo ka ìwé yín tán. Ó dùn o. Ohun kan ni kò yé mi. Kẹ̀kẹ́ yẹn, irin ni wọ́n fi jó o ni, àbí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọnà sí màlúù lára?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kí wọ́n tó jó o tán, màlúù á ti jinná," ẹnì kan wí láti ìsàlẹ̀ tábìlì.

"Ìyẹn dáa. Kí wọ́n gbé iyọ̀ wá."

"Mo ní kí ìyàwó mi kà á. Ó ní ṣé kẹ̀kẹ́ náà ń yí?"

Leota wo Thurlow. Thurlow náà wò ó, kò gbójú kúrò. Ọkùnrin yìí mọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ náà fi wà níbẹ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Leota dúró kí ọkọ òun sọ̀rọ̀. Vesta ní òun rí i pé ó ń dúró, ó gbé ṣíbí lókè, ẹ̀wà ń kán lára rẹ̀.

Orval fi ìka mẹ́rin gbé ife. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ó wí. "Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti ń wo màlúù."

Ẹ̀rín yẹn ló pọ̀ jù.

"Ta ló fẹ́ kọfí?" Leota béèrè.

Vesta tẹ̀ lé e wọlé. "Àǹtí, ẹ padà síta, kẹ́ ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ fún wọn kí wọ́n tún máa lọ? O ò rí ọwọ́ Orval?" Ó gbé ìkòkò kọfí. "Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó tún kọ ìwé mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, Arizona ni ìtàn gbogbo wọn ti ṣẹlẹ̀, níbi tí kò dé rí. Ilẹ̀ pupa, ẹ̀gún, oòrùn, òkúta tó rí bí ó ṣe máa ń rí lórí kàlẹ́ńdà. Òtútù kì í mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n tà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bi í léèrè ìgbà kan pé kí ló dé tó jẹ́ Arizona.

"Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀," ó wí. "Kò sì sí ẹni tó ń bá mi di okùn mú níbẹ̀."

Òun àti Orval jọ gbé títí Orval fi kú. Leota kò bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sì ka ojú ìwé kan létí rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó máa ń kà á fún un tẹ́lẹ̀. Thurlow náà kú. Leota ló ń da màlúù náà nìkan, ó ti tó àádọ́rin ọdún, nígbà tí ilé iṣẹ́ New York sọ pé àwọn fẹ́ tún *Inú Awọ* tẹ̀. Wọ́n fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ pé tí ó bá ní ohun tó fẹ́ tún ṣe, kó tún un ṣe.

Mo wà nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo gbé màgásíìnì àtijọ́ kalẹ̀ fún un níwájú, mo ṣí i síbi awọ.

"Màmá, ẹ dá a padà."

Ó mú pẹ́ńsù. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ó ya ààbọ̀ òṣùpá lórí ìlà. Ó fi ààbọ̀ kejì kún un. Ó fa ìlà òòró.

"Àwọn méjèèjì ti kú," mo wí. "Kí lẹ ń bẹ̀rù?"

"Màlúù ò tíì kú," ó wí.

A gbọ́ ọkọ̀ níta. Wade ni, ọmọ Thurlow, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó kanlẹ̀kùn kó tó wọlé, ó gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè já.

"Màmá, ẹ kú ilé. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká wá jó àmì fún yín? Mo ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ má dààmú o, oúnjẹ díẹ̀ ti tó."

"Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Wade rí ìwé nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ibi kankan nínú ẹ̀rín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ohunkóhun fún un láti kékeré, ju àwàdà náà lọ. "Òmíì lẹ tún ń kọ? Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ sí èyí o, Màmá. Bàbá mi á jáde nínú sàréè."

"Jókòó, kó o jẹ kéèkì," Leota wí. Ó ti gbé ọwọ́ lé ojú ìwé náà.

Nígbà tí Wade lọ, ó pa ohun tó yà rẹ́ dáadáa, ó fẹ́ èérún rẹ̀ dànù, ó sì ní kí n bá òun gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí pósíọ́fíìsì bí ó ṣe wà. Mo gbé e lọ.

Wọ́n wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwọn Pruett mẹ́rin àti àwọn ìyókù. Wọ́n jó àmì sára gbogbo ọmọ màlúù kó tó di ọ̀sán. Leota kò lè gbé irin mọ́, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń sọ fún wọn èyí tó ti pọ́n tó. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, wọ́n sì ní kó fi kún un.